A gbá olè mú, ọlọ́pàá wá ń bi àwa náà léèrè: ibo gan-an ni òfin ní kí ará ìlú dúró?

Àjíṣefínní

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò rí oorun sùn dáadáa. Lóru Fúráìdé tó kọjá mo gbọ́ tí ajá ń gbó, mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí ọmọkùnrin kan tó ti ṣí iwájú mọ́tò aládùúgbò mi, tó ń tú bátìrì. Mo pariwo, èèyàn bíi mẹ́rin jáde, a lé e, a gbá a mú lẹ́yìn ilé kẹta. Títí débẹ̀ kò sí wàhálà. Ó jà díẹ̀, a gbé e lulẹ̀, èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹnì kan di ọwọ́, ó sì dákẹ́, ó ń bẹ̀ wá. Ìgbà tó ti dákẹ́ tán ni ẹni tó ni mọ́tò dé pẹ̀lú igi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, igi mẹ́fà tàbí méje kí wọ́n tó gba igi lọ́wọ́ ẹ̀. Apá ọmọ náà kán. Ọlọ́pàá dé, wọ́n gbé e lọ ọsibítù, wọ́n ní kí gbogbo wa wá sọ tẹnu wa ní tẹ́ṣàn. Wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan aládùúgbò mi báyìí, àwa yòókù, wọ́n ní ká má rìn jìnnà, àwọn máa tó pè wá.

Ìbéèrè mi ni pé, mi ò lu ọmọ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo dì mú, ṣé òfin lè mú èmi náà? Àti pé ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tó fi ojú ara ẹ̀ rí olè, ibo ni àṣẹ rẹ̀ mọ? Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè tí mo wà torí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀, ẹ ṣáà sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín, màá kó gbogbo ẹ̀ lọ bá lọ́yà.

Tèmilógún

Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi, ó dùn mí gan-an. Olè ló wá jalè, báwo ló ṣe wá jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè ló ń lọ tẹ́ṣàn? Ká ní ọmọ yẹn jókòó sílé bàbá ẹ̀, ṣé apá ẹ̀ máa kán ni?

Lọ́yà Kékeré

Tèmilógún, inú tó bí yín yẹ kó bí èèyàn, mi ò bá yín jà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ yìí. Ọmọ yẹn máa jẹ́jọ́ bátìrì tó ń tú, ẹni tó fi igi kán an lápá á jẹ́jọ́ apá. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ti ẹnì kan ò lè pa ti ẹnì kejì rẹ́.

Àjíṣefínní, iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni lọ́yà yín, ẹ wá ẹni tó mọ òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó tún la ẹnu sọ ohunkóhun ní tẹ́ṣàn. Ohun tí mo lè sọ nìyí. Àṣẹ pé kí ará ìlú mú ọ̀daràn ti wà kí ọlọ́pàá tó wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin Winchester ti ọdún 1285 sọ ọ́ di dandan fún ará àdúgbò pé tí ọ̀daràn bá ṣọṣẹ́ kí wọ́n fi igbe ta kí wọ́n sì lé e, bẹ́ẹ̀ ọdún 1829 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọlọ́pàá ìlú London sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, tí ará ìlú ò bá mú un, ó lọ nìyẹn. Nígbà tí ọlọ́pàá wá dé, òfin ò gba àṣẹ náà lọ́wọ́ wa tán, ńṣe ló ń dín in kù, èyí tó sì ṣẹ́ kù lónìí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò ju pé kí o dì í mú, kí o pe ọlọ́pàá, kí o fà á lé wọn lọ́wọ́. Kò sí nínà nínú ẹ̀ rárá.

Agbára tí òfin fún yín ò ju èyí tó máa mú kó dúró lọ. Tó bá ń jà, ẹ lè lò tó bí ìjà rẹ̀ ṣe gbà. Tó bá ti dákẹ́, agbára yẹn ti tán lọ́wọ́ yín. Igi kan péré tó bá tún bà á lẹ́yìn ìyẹn ti kúrò ní ìmúni, ó ti di ìjẹni-níyà, adájọ́ nìkan ló sì ni ìyẹn.

Ní ti ẹsẹ̀ tí ẹ dì mú, kò sí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà sọ ọ́ kó dùn. Ohun tí kọ́ọ̀tù máa wò ni ìdí tí ẹ fi ṣì di ẹsẹ̀ yẹn mú nígbà tí igi ń bà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ dì í mú kó má sá, tí ẹlòmíì yọ sí yín lójijì, tí ẹ pariwo pé kó dúró, tí ẹ gbìyànjú láti gbà á sílẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn máa dì í mú kí ẹlòmíì lè rí i nà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó ran olùlù lọ́wọ́ àti olùlù, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ohun kan tún wà, ẹ má ṣe bá àwọn yòókù jókòó láti to ọ̀rọ̀ pọ̀ kó lè bára mu. Ìyẹn fúnra ẹ̀ lè di ẹ̀sùn tuntun, kó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àǹtí London

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ní England àti Wales, inú òfin PACE ti 1984 ló wà, ìyẹn òfin tó sọ ibi tí agbára ọlọ́pàá mọ, abala 24A, ọdún 2006 ni abala yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kọ́ọ̀tù ńlá lè gbọ́, olè jíjà sì wà nínú ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi láti gbà pé tí ẹ ò bá mú un, ó máa ṣe èèyàn léṣe, tàbí kó ba dúkìá jẹ́, tàbí kó sá lọ kí ọlọ́pàá tó dé. Tó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá wà nítòsí tó lè mú un, ẹ yáa fi sílẹ̀ fún wọn. Ní ti agbára, òfin ọ̀daràn ti 1967 ló sọ ọ́, pé kó má ju bó ṣe tọ́ lọ níbi tọ́rọ̀ dé.

Ohun tó ń kó ará ìlú sí yọ́ọ́yọ́ jù ni pé àṣìṣe tí òfin máa gbójú fò fún ọlọ́pàá, kò ní gbójú fò ó fún yín. Ọlọ́pàá lè fura pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ti ṣẹlẹ̀, kó wá jẹ́ pé kò ṣẹlẹ̀, kó ṣì bọ́. Ẹ̀yin tí ẹ lé èèyàn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti kọjá, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹjọ́ kan wà ní 1992, R v Self. Wọ́n ní ọkùnrin kan mú ṣokoléètì jáde nínú ilé ìtajà láìsanwó, wọ́n lé e, òun náà bá wọn jà. Nígbà tó dé kọ́ọ̀tù wọ́n ní kò jẹ̀bi olè. Tí kò bá sí olè, ìmúni yẹn ò bófin mu nìyẹn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fagi lé ẹ̀sùn ìjà tó bá wọn jà. Nítorí ṣokoléètì o.

Ẹjọ́ tó wá sún mọ́ tiyín jù ni ti Munir Hussain. Ní September 2008 àwọn olè wọ ilé rẹ̀ ní High Wycombe, wọ́n di tọkọtaya àtàwọn ọmọ lókùn, wọ́n fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ wọn. Ó já ara ẹ̀ gbà, òun àti arákùnrin rẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn olè náà dé ojú títì, wọ́n fi igi tí wọ́n fi ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì lù ú títí igi fi kán, agbárí ọkùnrin náà fọ́. Oṣù 30 ni wọ́n ní kó lọ fi ẹ̀wọ̀n jura ní December 2009. Oṣù tó tẹ̀lé e, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ṣàánú ẹ̀, wọ́n dín in kù sí ọdún kan, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé, wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ bóyá á tún ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé kò jẹ̀bi. Ẹ ronú sí i, ẹni tí wọ́n di ìyàwó ẹ̀ lókùn lójú ẹ̀ o, òfin ṣì ní nígbà tí olè ti ń sá lọ, ewu ti kúrò nílé ẹ.

Bọ̀dá Sẹkiọ́ríti

Iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ni mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe, mo fẹ́ sọ bó ṣe ń rí níbi iṣẹ́ gan-an. Òfin tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí o rí i tó mú un, kí o rí ibi tó fi í pa mọ́ sí, kí ojú ẹ má kúrò lára ẹ̀ rárá, kó sì ti kọjá ibi ìsanwó. Tí ọ̀kan bá yingin, jẹ́ kó máa lọ.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni mo gbàgbé. Mo rí ìyá kan tó ki nǹkan bọ báàgì, ẹnì kan pè mí, mo yí ojú kúrò bóyá ìṣẹ́jú kan, ìgbà tí mo fi padà ó ti ń jáde, mo di apá ẹ̀ mú lójú gbogbo èèyàn. Kò sí nǹkan kan nínú báàgì. Ó ti dá a padà sórí pẹpẹ nígbà tí mi ò wò ó. Ìyá yẹn ń sunkún, ọmọ ẹ̀ ń wò mí. Ilé iṣẹ́ sanwó fún un, wọ́n fún mi níwèé ìkìlọ̀, ó sì tọ́ sí mi. Títí dòní tí mo bá rí ẹni tó ń sọ pé "mo fura sí i ni", ojú ìyá yẹn ni mò ń rí.

Fún ẹni tó bá di dandan pé kó mú èèyàn: ẹ kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án tó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí wọ́n á fi dé. Ẹ sọ fún un ketekete pé, "Mo rí ẹ tí o ń tú bátìrì yẹn, mo dá ẹ dúró, ọlọ́pàá ń bọ̀." Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ torí ariwo èèyàn mẹ́fà ló máa ń sọ ìjà di ńlá. Ẹ má tú àpò ẹ̀ kiri, àyàfi tí ẹ bá rí ohun ìjà lára ẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá fa ọ̀bẹ yọ, ẹ yà fún un. Bátìrì ò tó ẹ̀mí yín. Ẹ wo bó ṣe wọṣọ, ọ̀nà tó gbà lọ, nọ́ńbà mọ́tò tó bá wọ̀, ohun tí ọlọ́pàá nílò nìyẹn.

Tí èrò bá sì pé lé e lórí, iṣẹ́ yín ti yí padà. Ẹni tí ẹ mú ti di ẹni tí ẹ gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹ fi ara yín sáàárín òun àti èrò. Mo mọ̀ pé ó le, ẹ̀rù á ba èèyàn, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Àjíṣefínní

Bọ̀dá Sẹkiọ́ríti, èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn gún mi lọ́kàn. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rárá lóru ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ibi tí wọ́n ń gbé èèyàn wá lóru ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí fi sọ́kàn. Igi kọ́ ló ń pa èèyàn jù nínú àwọn tí mo rí tí ará ìlú dì mú. Ìjókòó lé èèyàn lórí ni. Ẹ dà á dojú bolẹ̀, ẹnì kan fi orúnkún tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, ẹnì kan jókòó sí ìbàdí, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn. Àyà ò ráyè fẹ̀ mọ́, èémí ò wọlé. Tó bá ń jà nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ó fẹ́ sá, atẹ́gùn ló ń wá, ẹ̀yin á sì rò pé ó lágbára, ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ẹ máa rò pé ó ti gbà.

Ẹ má fọwọ́ kan ọrùn. Ẹ má fi apá há a lọ́rùn látẹ̀yìn, kò sí "díẹ̀díẹ̀" nínú ìyẹn. Ní New York, lọ́jọ́ kìíní oṣù May 2023, ẹnì kan há Jordan Neely lọ́rùn nínú ọkọ̀ ojú irin, ó kú. Kọ́ọ̀tù dá ẹni tó há a lọ́rùn láre ní December 2024, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọdún kan ààbọ̀ ló fi wà lábẹ́ ẹ̀sùn, ẹni tó kú sì ti kú.

Tí ẹ bá ti rí i mú, ẹ jẹ́ kó jókòó tàbí kó fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kíákíá. Tó bá ní òun ò lè mí, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má dán an wò. Ẹni tó mutí, ẹni tó lo oògùn, ẹni tó sanra, ẹni tó ti sáré jìnnà, ewu tiwọn tún pọ̀ jù. Ẹ má fi okùn di ọrùn ọwọ́ pinpin, mo ti rí ọwọ́ tó dúdú nítorí okùn ogójì ìṣẹ́jú. Tó bá dákẹ́ lójijì, ẹ pe ọkọ̀ ọsibítù kí ẹ tó máa bi ara yín pé ṣé ó ń díbọ́n ni.

Ọmọ Georgia

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "a kàn fura", ẹ gbọ́ tiwa níbí ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà. February 23, 2020, Ahmaud Arbery, ọmọ ọdún 25, ń sáré gba àdúgbò kan kọjá nítòsí ìlú Brunswick. Bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ gbé ìbọn, wọ́n fi mọ́tò lé e, ẹnì kẹta tẹ̀ lé wọn, ó ń ya fídíò. Wọ́n ní àwọn fura pé òun ló ń jalè níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n dènà dè é, ó bá ọmọ náà du ìbọn, ọmọ yẹn yìn ín pa. Ọwọ́ ẹ̀ ṣófo, kò mú nǹkan kan.

Ní kọ́ọ̀tù ohun tí wọ́n gbé ara lé ni òfin pé ará ìlú lè mú ọ̀daràn, òfin tó ti wà ní Georgia láti 1863, nígbà ẹrú. Kò gbà wọ́n. Òfin náà fúnra ẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú yín tàbí kí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọn ò sì rí nǹkan kan tó ṣe lọ́jọ́ yẹn. November 2021 wọ́n ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ̀bi ìpànìyàn, January 2022 wọ́n rán gbogbo wọn lọ sẹ́wọ̀n gbére, títí kan ẹni tó ní fídíò lòun ń yà. Àjíṣefínní, ìdí tí mo fi sọ ti ẹnì kẹta yẹn nìyí, kò yìnbọn. May 2021 ni gómìnà buwọ́ lu ìwé tó fa òfin 1863 yẹn ya, ó ṣẹ́ ku díẹ̀ fún àwọn tó ni ilé ìtajà àtàwọn iṣẹ́ bíi mélòó kan.

Tèmilógún

Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo sì gbà pé ti Georgia yẹn burú. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn èyí fún mi, ibi tí ẹ bá pe ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn ò dé ńkọ́? Ká tú u sílẹ̀ kó tún padà wá lọ́la? Torí ìdí tí ọwọ́ èèyàn fi ń yá sí igi nìyẹn, wọ́n ti mú wọn dé tẹ́ṣàn rí, wọ́n tún rí wọn lọ́jọ́ kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin

Ìbéèrè gidi ni. Ní Nàìjíríà, òfin ACJA ti 2015, ìyẹn òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń mú afurasí àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn, ti ro ti ibi tí kò sí ọlọ́pàá. Abala 20 ní ará ìlú lè mú ẹni tó ṣẹ̀ lójú ẹ̀, tàbí ẹni tó fura sí pẹ̀lú ìdí tó mọ́gbọ́n wá pé ó ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá lè mú un fún láìgba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ẹsẹ̀ ni kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, tí kò bá sì rí ọlọ́pàá, kó mú un lọ sí tẹ́ṣàn tó sún mọ́ jù. Nítorí náà tí wọn ò bá wá, ẹ̀yin ni ẹ máa gbé e lọ. Òfin kan náà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ afurasí, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dè é àyàfi tó bá ń jà, tó fẹ́ sá lọ, tàbí nítorí ààbò. Ẹ sì rántí ìlú Aluu nítòsí Port Harcourt, October 5, 2012. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin, wọ́n pariwo olè lé wọn lórí, wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n. Wọn kì í ṣe olè. July 2017 kọ́ọ̀tù dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá kan wà nínú wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà, àwọn yẹn ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí wọ́n tó dá a.

Ní India, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2024 tiẹ̀ ka wákàtí fún wọn: ará ìlú tó bá mú èèyàn ò gbọ́dọ̀ dá a dúró ju wákàtí mẹ́fà lọ kó tó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Tèmilógún

Mo ti gbọ́. Ti Aluu yẹn, mo rántí. Mi ò ní jiyàn sí ìyẹn.

Ará Toronto

Ohun tí Tèmilógún ń sọ nípa kó tún padà wá, ó ṣẹlẹ̀ níbí gan-an. May 2009, David Chen, tó ni ilé ìtajà kan ní Toronto, Kánádà níbí, kámẹ́rà ẹ̀ ká ọkùnrin kan tó jí òdòdó, ọkùnrin náà lọ, ó tún padà wá lẹ́yìn bíi wákàtí kan. Chen àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ lé e, wọ́n dì í lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀. Ọlọ́pàá dé, Chen ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó lu èèyàn, ó sì tì í mọ́lé. Torí òfin wa nígbà náà ní ìgbà tó ń jí i lọ́wọ́ ni ẹ lè mú un, wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀ ti pẹ́ jù. October 2010 adájọ́ dá a sílẹ̀, àwọn aṣòfin sì tún òfin ṣe, láti March 2013 onídùúkìá lè mú un láàárín àkókò tí kò pẹ́ jù lẹ́yìn ẹ̀, tí kò bá rọrùn kí ọlọ́pàá mú un. Ẹ rí i pé wọ́n fi àkókò kún un, wọn ò fi nínà kún un.

Bàbá Ìbejì

Mo ní ìbọn tí òfin fún mi ní láísẹ́ǹsì fún. Tó bá ń sá lọ pẹ̀lú ẹrù mi, ṣé mo lè yin ẹsẹ̀ ẹ̀?

Lọ́yà Kékeré

Rárá bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ti kọ ẹ̀yìn sí yín tí kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹrù nìkan ò tó yìnbọn sí i, ẹsẹ̀ tí ẹ sì fojú sùn kọ́ ni ọta máa ń bà lóru. Ní South Africa bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ yìnbọn sí àwọn olè tó ń sá kúrò ní ilé búrẹ́dì wọn, ọ̀kan kú. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin orílẹ̀-èdè wọn, ní 2002 wọ́n fagi lé abala tó fàyè gba pípa ẹni tó ń sá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó dà bí olè jíjà lásán. Ní England, Tony Martin yìnbọn sí olè méjì ní ilé oko ẹ̀ ní Norfolk lọ́dún 1999, ọmọ ọdún 16 kú nínú wọn, ọta bà á lẹ́yìn. Wọ́n kọ́kọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di ìpànìyàn tí kò tó àmọ̀ọ́mọ̀ṣe torí àìlera ọpọlọ, ọdún 2003 ló jáde.

Kí n tún la èyí, torí mo rí i pé ẹ ń pa á pọ̀. Ìgbèjà ara ẹni àti mímú olè kì í ṣe ohun kan náà. Tó bá gbé ọ̀bẹ wá bá yín, agbára tí ẹ lè lò máa ga bí ewu yẹn ṣe ga. Tó bá ju ọ̀bẹ sílẹ̀ tó ń sá, ẹ ti padà sínú òfin ìmúni nìyẹn, ó sì kéré gan-an. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì ló lè yí padà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn rere ti ń bọ́ sínú ẹ̀wọ̀n.

Ìyá Berlin

Ní Jámánì níbí wọ́n ní tí ẹ bá ká a mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ lè dá a dúró tó bá jọ pé ó fẹ́ sá tàbí tí ẹ ò bá mọ ẹni tó jẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọ ilé kejì tí ẹ mọ orúkọ ẹ̀ tẹ́ ẹ mọ ilé ìyá ẹ̀, tí kò sì ń sá lọ síbì kan, kí lẹ fẹ́ dì í mú fún? Ẹ lọ fẹjọ́ sùn. Ó bọ́gbọ́n mu lójú tèmi ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tún máa ya wọn ní fídíò kí ẹ bọ́ wọn láṣọ kí ẹ ní kí wọ́n jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi igi gbà lẹ́nu ẹni, lọ́yà ẹ̀ á fà á ya ní kọ́ọ̀tù, fídíò yẹn náà ni wọ́n á sì fi mú yín.

Àjíṣefínní

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo rí lọ́yà láàárọ̀ yìí, mo ka gbogbo èyí fún un láti orí fóònù, ó ní ẹ gbìyànjú. Ìbéèrè tó bi mí jù ni bó ṣe pẹ́ tó láti igi àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Mo jókòó, mo dijú, mo rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní ó máa tó ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ó ní kí ni mo ṣe nínú ogún yẹn. Mo ní mo sọ pé "ó tó, ó tó". Ó ní ṣé mo fi ẹsẹ̀ ọmọ náà sílẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní kò wá sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù ń bà mí kó má sá, mo sì gbọ́ tó ń pariwo pé "ọwọ́ mi, ọwọ́ mi". Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí n má fi kún un, kí n má yọ níbẹ̀. A jọ lọ sí tẹ́ṣàn lọ́sàn-án, mo kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú. Aládùúgbò mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́. Apá ọmọ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti tò ó?

Àjíṣefínní

Wọ́n ti tò ó, mo bi ọlọ́pàá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ kọ́ọ̀tù lórí ọ̀rọ̀ bátìrì, èmi ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí n tún múra sílẹ̀ fún ti aládùúgbò mi.